Omi ń dúró sílẹ̀ balùwẹ̀ wa, agbaṣẹ́ṣe ní ká san ìyókù owó òun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A gbé àtúnṣe balùwẹ̀ wa fún agbaṣẹ́ṣe kan tí ojúlùmọ̀ júwe fún wa. Ó tú ilẹ̀ àtijọ́, ó sì lẹ táìlì tuntun. Àmọ́ tí a bá wẹ̀, omi kì í lọ sójú ihò, ẹsẹ̀ ògiri ló ń dúró sí. Àwọn táìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì ń dún bí àpótí òfìfo tí a bá tẹ̀ wọ́n. Tí mo bá pè é, gráòtì, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń dí àárín táìlì, ló máa ń wá fi dí ojú rẹ̀, á sì lọ. Nínú ìdá mẹ́rin owó iṣẹ́, a ti san mẹ́ta. Ó ní tí a ò bá san ìyókù, òun ò ní yọjú mọ́. Ọkọ mi ní ká san án ká lè rí ìsinmi. Kí ni ká ṣe?
Onílé tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ má tíì san owó yẹn. Ẹ bá mi bẹ baálé yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn, ṣùgbọ́n owó tó kù lọ́wọ́ yín nìkan ló lè mú ọkùnrin yìí padà wá ṣe ohun tó yẹ.

Mo ti lẹ táìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síbí, ọ̀rọ̀ gráòtì yẹn ló sì dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Gráòtì lásán kì í dá omi dúró. Àlàfo àárín táìlì ló ń dí, omi sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti bàjẹ́, abẹ́ táìlì ni. Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sójú ihò: nínú mítà 1, ó yẹ kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ sílẹ̀. Símẹ́ǹtì abẹ́ ni a ti máa ń ṣe é, kí a tó lẹ táìlì kankan. Bí wọn ò bá ṣe é nígbà náà, àfi kí wọ́n tú u.

Ti àwọn táìlì tó ń dún yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń bu símẹ́ǹtì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dípò kí wọ́n fi tíráwẹ̀lì eléyín fà á kárí. Ní yàrá tí omi kì í dé, mi ò ní pariwo nítorí táìlì kan tó ń dún. Ní balùwẹ̀, inú àlàfo tó ṣẹ́ kù lábẹ́ táìlì yẹn ni omi máa fi ṣe ilé. Ẹ fi owó onírin lu gbogbo ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tó bá dún. Ẹ da omi sílẹ̀, kí ẹ ya fídíò ibi tó dúró sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìpè lórí fóònù ò tó, ìbínú ò sì ṣàǹfààní níbẹ̀. Ẹ sọ àléébù náà, ibi tó wà àti ọjọ́ tí ẹ fi fún un láti tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ 2 tó. Ẹ ní kó kọ bó ṣe fẹ́ tún un ṣe ránṣẹ́. Tó bá ní oníṣẹ́ òun ló lẹ táìlì, ìyẹn ò kàn yín, òun ni ẹ bá ṣe àdéhùn. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ mìíràn fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ yẹn yóò fi kọjá, kó má bàa sọ pé ẹlòmíràn ló bà á jẹ́.

Tó bá gbà láti tú u, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kun ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀, kó sì gùn díẹ̀ sára ògiri. Kí ó tó lẹ táìlì padà, kí ó dí ihò, kí ó bu omi sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ sàmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tí omi sì ń lọ dáadáa kí ẹ tó san ìyókù.

Tó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ méjì tí kò mọ ara wọn kọ iye tí àtúnṣe máa ná yín. Ẹ yọ ọ́ nínú owó tó kù. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù, tirẹ̀ ni, ẹ fún un. Tí àtúnṣe bá ju owó náà lọ, ẹ kó àdéhùn yín, ìwé tí ẹ kọ àti àwọn fọ́tò lọ sílé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré.

Ní báyìí ná, ẹ máa wẹ̀ níbòmíràn. Bí yàrá bá wà nísàlẹ̀ balùwẹ̀ náà, ẹ gbójú sókè wo àjà rẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n omi, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ìyókù.