Jìtá béèsì tuntun tàbí tòkunbọ̀: ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìjọ kan ní Aṣèrò, ní Abẹ́òkúta níbí, ni mí. Ẹni tó ń lu béèsì fún wa ti kó lọ sí Èkó, wọ́n sì ní kí n bọ́ sí ipò rẹ̀. Owó tí mo tù jọ tó ra jìtá tuntun kan tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí ní Pánṣẹ́kẹ́, ó sì tó ra Yamaha tòkunbọ̀ kan tí ara rẹ̀ ti ha. Olókùn márùn-ún ni tuntun náà, olókùn mẹ́rin ni tòkunbọ̀. Èwo ni kí n mú? Bí mo bá sì rà á tán, kí ni mo ní láti ṣe sí i kí n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọrùn ni kí o fi owó rẹ rà, nítorí ohun tó kù ṣeé tún ṣe. Ọ̀dà tó ha kò dí ohùn lọ́wọ́, wáyà tó já ṣeé jó pọ̀, bọ́tìnnì tó ń ha nígbà tí a bá yí i kò gba owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn tó bá ti lọ́ kì í sábà gba àtúnṣe mọ́, owó tí wọn yóò sì gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ lè ju owó jìtá fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọrùn Yamaha yẹn bá yè kooro, òun ni n óò ní kí o mú, bó ti wù kí tuntun yẹn máa dán tó.

Bẹ ẹni tó ń tà á pé kó jẹ́ kí o gbé e jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Gbé ìdí jìtá súnmọ́ ojú rẹ, di ojú kan, kí o sì wo ọrùn náà láti ibi tó ti wọ ara títí dé orí, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó kó tó rà á. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ lọ́gbọọgba. Bí ọ̀kan bá gbé sókè tí èkejì sì lọ sílẹ̀, ọrùn náà ti lọ́, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí ó bá kàn tẹ̀ díẹ̀ síwájú láìlọ́, ìyẹn kì í ṣe àbùkù, nítorí okùn mẹ́rin tí a le sórí béèsì ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 70, ọ̀pá irin inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní truss rod ló sì ń fà á padà. Ohun tí o ní láti mọ̀ ni bóyá ọ̀pá náà ṣì ń yí. Bí wọ́n bá ti fún un dé òpin tí ọrùn ṣì tẹ̀ síbẹ̀, má rà á.

Wo ìdí orí jìtá bóyá ó ti sán rí tí wọ́n fi gáàmù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, jókòó, kí o tẹ gbogbo okùn lórí gbogbo fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìtan iná sí i. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn bá ti kú tàbí tí irin bá ti ń dún gìrìgìrì yóò fara hàn. Kí o tó wá ki wáyà bọ̀ ọ́, wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní àyè bátìrì 9 volt. Bí ó bá ní in, rí i pé omi bátìrì kò jẹ ibẹ̀, kí o sì máa yọ wáyà kúrò lára jìtá nígbàkúùgbà tí o bá ṣe tán, nítorí wáyà tí a kì bọ̀ ọ́ ló ń tan iná inú rẹ̀. Bí o bá ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bátìrì á tètè tán.

Ní ti iye okùn, mo mọ̀ pé olókùn márùn-ún ló wọ́pọ̀ nínú ìjọ wa nísinsìnyí, mo sì mọ ìdí rẹ̀: okùn E tó nípọn jù lára olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, B ti olókùn márùn-ún sì ń gbọ̀n ní nǹkan bí 31, nítorí náà bí akọrin bá gbé orin sórí E-flat, o rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ lórí fírẹ́ẹ̀tì kẹrin okùn B. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ sípíkà kéékèèké kò lè gbé ohùn tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan pẹ̀lú mẹ́rin.

Bí o bá rà á tán, ra okùn tuntun. Owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́kàn rẹ kí o tó ná ọjà. Èyí tí wọ́n kọ 45 sí 105 sí lára, ìyẹn bí okùn ṣe nípọn sí, ló wọ́pọ̀ fún olókùn mẹ́rin. Bí okùn bá gùn jù, kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, kí o wá gé e kọjá ibi tí o ti tẹ̀ ẹ́, nítorí bí o bá gé e láìtẹ̀ ẹ́, wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn lè tú, ohùn rẹ̀ á sì kú.

Iṣẹ́ tó kù ní ètò tí kò gbọdọ̀ yí padà: ọrùn, gíga okùn, ìpéye ohùn, kí pickup, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn tó ń gba ohùn, wá kẹ́yìn. Bí ọrùn bá yí, gíga okùn á yí, bí gíga okùn bá sì yí, ohùn á yẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Yí okùn dé ohùn tó yẹ, fi ọwọ́ kan tẹ okùn E mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní, fi ìkejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti wọ ara, kí o sì wo àlàfo tó wà lábẹ́ okùn lórí fírẹ́ẹ̀tì keje. Nǹkan bí 0.3 mm ló yẹ kó jẹ́. Káàdì oníwèé tí àwọn oníṣòwò ń fún oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu; káàdì ATM ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, má fi wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, yí truss rod sápá ọ̀tún. Bí kò bá sí àlàfo rárá, dẹ̀ ẹ́ sápá òsì. Má yí i ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lọ lẹ́ẹ̀kan, kí o tún okùn yí dé ohùn rẹ̀, kí o sì tún un wọ̀n. Bí ó bá le, dúró níbẹ̀, gbé e tọ oníṣẹ́ lọ.

Gíga okùn lórí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá lè wà láàárín 2 mm sí 2.5 mm, kí E ga ju G, okùn tó tín-ín-rín jù, lọ díẹ̀. Ìpéye ohùn ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, tí wọ́n á sì máa rò pé keyboard ló yẹ̀. Fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lórí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, ta á, kí o sì wo ohun tí tuner (áàpù tó ń fi ohùn okùn hàn) orí fóònù rẹ sọ. Lẹ́yìn náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an níbẹ̀ kí o tún ta á. Bí ohùn kejì bá ga ju ti àkọ́kọ́, fa saddle okùn náà, irin kékeré tí okùn gbé lé níbi ìdí jìtá, sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn; bí ó bá lọ sílẹ̀, tì í síwájú. Pickup kò gba àkókò: kó má ṣe súnmọ́ okùn jù, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè fa okùn títí ohùn yóò fi yẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, má ki béèsì bọ home theatre, ó máa ń ba sípíkà jẹ́. Áńpílífáyà béèsì tàbí DI, àpótí kékeré tí a fi ń so jìtá mọ́ mixer, ni kí o lò. Bí iná bá gbé ọ láti ara okùn nígbà tí ẹnu rẹ kan máíkì, pa gbogbo rẹ̀, kí ẹ pe oníná kó yẹ earth ilé náà wò kí ẹ tó tún tan nǹkan kan, nítorí ìyẹn lè pa ènìyàn.

Bí ọyẹ́ bá dé, tún àlàfo ọrùn yẹn wọ̀n, kí o sì fi ọwọ́ ra etí ọrùn, nítorí pákó máa ń sún kì, etí fírẹ́ẹ̀tì á sì yọ síta, á máa ha ọ lọ́wọ́. Fáìlì kékeré lọ́wọ́ oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ló ń yanjú ìyẹn. Tún un wọ̀n nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, má sì fi jìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.