Ààrò ara ògiri ń jẹ igi, ilé ò móoru: ṣé àpótí onírin ló kàn?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àtijọ́ la rà. Ààrò ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ihò èéfín rẹ̀ sì gba orí òrùlé jáde. Bá a bá dáná sí i nígbà òtútù, ó máa ń dùn ún wò, àwọn ọmọ-ọmọ mi á jókòó yí i ká. Àmọ́ iwájú ló ń gbóná, ẹ̀yìn ń gan. Igi tá a kó wọlé láàárọ̀ á ti tán kílẹ̀ tó ṣú, bí iná bá sì kú tán, ṣe ni pálọ̀ á tún tutù ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kan ní ká lọ ra àpótí onírin tí wọ́n ń tì bọ inú ààrò, pé wàhálà tán nìyẹn. Ọkọ mi ní ẹ̀tàn ni, pé iná ò ju iná lọ. Ta ló jàre nínú wọn? Kí ló sì yẹ ká wádìí ká tó náwó?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìbéèrè. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ra àpótí jàre, àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Bàbá náà ò sì jẹ̀bi tán: iná kan náà ni lóòótọ́, ibi tí ooru rẹ̀ ń gbà lọ ló yàtọ̀.

Ẹ dán nǹkan kan wò nígbà tí iná bá ń jó geere. Ẹ tan àbẹ́là, ẹ gbé e sún mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ (kí kọ́tìnnì má sí nítòsí o). Ẹ ó rí i tí ahọ́n iná àbẹ́là náà á tẹ̀ síhà ààrò bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Atẹ́gùn tútù tó ń ti ìta wọlé nìyẹn. Ihò èéfín tó gbòòrò ń fa afẹ́fẹ́ yàrá sókè láìsinmi, èyí tó bá sì gba òkè lọ, òmíràn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Òun ló ń fẹ́ sí yín lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá pín ooru inú igi yín sọ́nà 100, nǹkan bí 10 sí 20 péré ló ń dúró sínú yàrá. Ìyókù, ẹyẹ orí òrùlé lẹ ń dáná fún. Bí iná bá sì rọlẹ̀, ihò èéfín ò ṣeé dé níwọ̀n ìgbà tí ẹyin iná ṣì wà nínú ààrò, torí náà á máa fa ooru tó kù jáde títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àpótí onírin tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, tí iná ń jó nínú rẹ̀, èyí táwọn tó ń tà á ń pè ní insert, ń yí ìṣirò yẹn padà. Èyí tó dáa nínú wọn ń fi bí 70 sí 80 sílẹ̀ nínú ilé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí iná gbé afẹ́fẹ́ mì bó ṣe wù ú, àmọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ jùyẹn lọ. Èéfín gan-an ni àpótí yìí ń sun. Bí igi bá gbóná, afẹ́fẹ́ tó lè jó ń tú jáde lára rẹ̀, apá tó pọ̀ nínú ooru igi sì wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Nínú ààrò gbayawu, ó ti tutù, ó ti sá lọ kó tó ráyè jó. Nínú àpótí, bíríkì tó yí iná ká ń há ooru mọ́ ọn títí á fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 600 lórí Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Irin pẹlẹbẹ kan tó bo iná lórí kò jẹ́ kí èéfín tètè lọ, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lókè sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i, ló bá gbiná. Ẹ ó máa wò ó látinú gíláàsì: iná á máa jó lókè níbi tí igi kankan ò sí, bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ ló ti ń hù jáde. Àwọn ọmọ-ọmọ yín ò ní sunkún ìran o.

Síbẹ̀, kì í ṣe àpótí ni màá fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mi sọ. Páìpù ni.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan pè mí wá sílé rẹ̀. Àpótí rẹ̀ dára, owó gidi ló fi rà á. Ẹni tó bá a gbé e síbẹ̀ kàn tì í bọ inú ààrò ni, ó fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ sínú ihò èéfín àtijọ́, ó gba owó iṣẹ́, ó lọ. Kí òtútù ọdún yẹn tó lọ, ohun kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ti ń ṣàn lára ògiri yàrá òkè, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ẹran tí wọ́n yan gbàgbé. Mo kí ọwọ́ bọ ihò náà. Ọ̀dà dúdú ló kó bá mi lọ́wọ́, ó ń dán, ó le gbagidi bíi gíláàsì láwọn ibì kan.

Ohun tó fà á rèé. Wọ́n mọ ihò yẹn fún ààrò gbayawu tó ń tú ọ̀pọ̀ afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀nba èéfín ni àpótí ń tú jáde, torí ó ti fi ooru sílẹ̀ nínú ilé. Bí èéfín díẹ̀ yẹn bá bọ́ sínú ihò fífẹ̀ tó tutù, á máa wọ́ lọ, á sì tutù sí i; bó bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n 120 lọ, á di omi, á lẹ̀ mọ́ ògiri, á di ọ̀dà. Ọ̀dà yẹn máa ń gbiná. Bó bá gbiná, ooru inú ihò lè ju 1,000 lọ, á máa bú ramúramù lókè bí ọkọ̀ òfúrufú. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, màmá.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ fún yín ni pé: ṣé páìpù máa ti ẹnu àpótí dé òkè pátápátá láìgé níbì kankan? Bó bá ní ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ ti tó, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́, kí ìbú rẹ̀ sì bá ẹnu àpótí mu. Ìwọ̀n ínṣì 6, ìyẹn mìlímítà 150, ló wọ́pọ̀ jù. Kí wọ́n fi ohun tí iná kì í jó wé e kó má baà tutù, pàápàá bí ihò èéfín yín bá wà lára ògiri ìta. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dí ọrùn ààrò yí páìpù náà ká. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń fo èyí, torí kò sẹ́ni tó máa rí i, ooru ẹ̀yìn àpótí á sì máa gba àyíká páìpù gòkè lọ. Kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí nínú gbogbo èyí, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gbá ihò èéfín mọ́ tónítóní, kó sì fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀ bóyá ó sán.

Bíríkì lẹ ní wọ́n fi mọ tiyín, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ààrò onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ kì í gba gbogbo àpótí.

Ẹ wọn ibú iwájú ààrò, ibú ẹ̀yìn, gíga àti jíjìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ààrò àtijọ́ sábà máa ń fún ju iwájú lọ, mo sì ti rí àpótí tí wọ́n gbé dé tó há ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ tún wo iwájú rẹ̀: òkúta tàbí táìlì gbọ́dọ̀ tẹ́ síbẹ̀ dáadáa kó tó kan kápẹ́ẹ̀tì tàbí pákó. Ìwé tó bá àpótí wá máa sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, àti bí pákó tó wà lókè ààrò ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó. Òfin ìlú yín lè béèrè ìwé àṣẹ, ilé iṣẹ́ adójútòfò náà á sì fẹ́ gbọ́, torí náà ẹ bi wọ́n ṣáájú.

Ní ti bí ó ṣe máa tóbi tó, ẹ má ra èyí tó ju yàrá lọ. Ẹ fi gígùn pálọ̀ sọ ìlọ́po ibú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi gíga sọ ọ́ ní ìlọ́po, gbogbo rẹ̀ ní mítà, kẹ́ ẹ wá fi 14 pín in; èsì rẹ̀ ni kìlówáàtì, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí àpótí gbọ́dọ̀ lè mú jáde. Pálọ̀ tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní 5, tó ga ní 2.5 jẹ́ 75. Bẹ́ ẹ bá fi 14 pín in, ó lé díẹ̀ ní 5. Àpótí kìlówáàtì 5 tó o, bí ilé ò bá jò ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ra 12 síbẹ̀ á máa làágùn, á wá fún afẹ́fẹ́ pa kí iná lè rọlẹ̀, iná á máa rú èéfín láìjó, ọ̀dà á tún padà dé. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń fún un pa lálẹ́ kí igi lè jó mọ́jú.

Tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Láti ọdún 2020 ni Amẹ́ríkà ti fi ìdíwọ̀n sí i pé àpótí tuntun kò gbọ́dọ̀ tú ju gíráàmù 2 eruku èéfín ní wákàtí kan (2.5 bó bá jẹ́ igi ìdáná gidi ni wọ́n fi dán an wò), ilẹ̀ Yúróòpù náà sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 2022. Àlòkù olówó pọ́ọ́kú tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ lè máa tú ọ̀pọ̀ èéfín rẹ̀ jáde láìjó. Fáànù tó ń fẹ́ ooru jáde dára, àmọ́ kì í ṣe dandan.

Igi ńkọ́? Igi tútù lè jẹ́ omi ní ìdajì. Gbígbẹ omi yẹn ni ooru yín á fi ṣòfò. Omi inú igi kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ là á sí méjì, inú rẹ̀ lẹ ó ti fi ẹ̀rọ wọn omi, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń purọ́. Bí ẹ̀rọ ò bá sí, ẹ gbá méjì mọ́ra wọn: èyí tó gbẹ á dún kó, èyí tó tutù á dún gbù. Ọdún kan sí méjì ni igi líle ń gbà lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí gíláàsì àpótí bá ń dúdú lójoojúmọ́, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa mú.

Ẹ so ẹ̀rọ tó ń kígbe bí carbon monoxide bá wọlé mọ́ inú yàrá náà. Afẹ́fẹ́ yẹn kì í rùn, ojú kì í rí i, ó sì ń pààyàn. Fáànù tó ń fa èéfín ní ilé ìdáná lè fa ti àpótí wọlé bí ilé bá pa dé dáadáa, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ dán méjèèjì wò pọ̀. Inú korobá onírin tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ máa kó eérú sí, níta, torí ẹyin iná lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí wọ́n máa gbá páìpù ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ní ti Bàbá, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí wọ́n ń dáná lóṣù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni, nígbà tí àlejò bá wá, ẹ má ra àpótí rárá. Ẹ ní kí wọ́n fi ìdérí tó ń dé pinpin sórí ihò èéfín, kẹ́ ẹ máa dé e bí iná bá ti kú pátápátá, ilé yín ò ní máa tutù lásán mọ́. Bó bá jẹ́ lójoojúmọ́, ẹ pe ẹni tó ń gbá ihò èéfín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó lọ wo àpótí kankan.