Ta Ló Ra Ìwé Yẹn fún Ẹ?

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní Manchester lo wà, ọmọ ẹ pé oṣù márùn-ún, ìwé kan ní kí o gbé e sí yàrá tiẹ̀ kó máa ké títí táá fi sùn, màmá ẹ tó ti Abẹ́òkúta wá bá ẹ tọ́jú ọmọ sì ní ìkà gbáà nìyẹn, pé kí o pọ̀n ọ́n jàre. O wá bi mí pé ta ni kí o gbọ́ tiẹ̀, ìwé àbí màmá, torí màmá ń padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ojú ewé mẹ́ta lo fi sọ ìyẹn. Ọkọ ẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré lo dárúkọ ẹ̀, pé òun ló ra ìwé náà fún ẹ. O sáré kọjá níbẹ̀. Èmi ò kọjá o.

Ṣé òun náà kà á? O ní láago méjì òru o jókòó sórí àtẹ̀gùn, o fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ, ò ń wo ìṣẹ́jú lórí fóònù, ọmọ ń ké lókè. Níbo ni bàbá ọmọ wà? Irú lẹ́tà báyìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìyá ń bá ìyá jà lórí ìwé, ẹni tó ra ìwé ń sùn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tà fún ẹ bí nǹkan tuntun yẹn ti lé ní 100 ọdún. Ní 1894, Luther Emmett Holt, dókítà ní New York, kọ̀wé fáwọn ìyá pé ẹkún ni eré ìdárayá ọmọ jòjòló, pé èyí tó bá ń ké torí ìbínú tàbí torí ó ti mọ́ ọn lára, kí wọ́n jẹ́ kó ké e tán. Truby King, dókítà ní New Zealand, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ọmọ máa mu ọmú, tó bá dòru kó má mu rárá. Ìyẹn dé ọ̀dọ̀ èmi náà. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì kan ní wákàtí mẹ́rin, kò gbọdọ̀ yẹ̀, mo wá jókòó síwájú agogo ara ògiri, ọmọ ń ké, omi ọmú ti rin bùbá mi gbindin, ó ku ìṣẹ́jú 40, mi ò gbé e. Ọmọ yẹn ti bímọ báyìí, ó ṣì ń dùn mí.

John B. Watson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, lóun ò fẹ́ kí ìyá gbá ọmọ mọ́ra rárá. 1928 ló kọ tiẹ̀, ní Amẹ́ríkà, ó ní kí ìyá fẹnu kò ó níwájú orí lẹ́ẹ̀kan tó bá fẹ́ sùn, tílẹ̀ bá mọ́ kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí o bí! Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ń ṣe nígbà yẹn o. Ìwé Benjamin Spock, dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, dé ní 1946, ó ní kí àwọn ìyá fọkàn tán ara wọn, ara tu gbogbo wọn, àfi bó tún ṣe yí padà láwọn ọdún 1950 tó ní kí wọ́n máa dá ọmọ dojúbolẹ̀ sùn kí èébì má baà há a lọ́fun. Kò tíì sẹ́ni tó ka iye ọmọ tó ń kú lójú oorun bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ní 1991, Britain tí o wà yẹn kéde pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ikú ọmọdé lójú oorun sì dín ju ìdajì lọ láàárín ọdún díẹ̀. Torí náà èyí tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ẹ nípa fífẹ̀yìn sùn, gbà á, màmá náà gbọ́dọ̀ gbà á, wọ́n kà á kí wọ́n tó sọ ọ́.

Àmọ́ wo orúkọ wọn, Holt, King, Watson, Spock, ọkùnrin ni gbogbo wọn, èyí tí eléyìí sọ lónìí tọ̀hún á tú u lọ́la, ìyá nìkan ni gbogbo wọn sì ń rán níṣẹ́. Ìyàwó Spock ló ń tẹ ìwé yẹn bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ó di 1976, ọgbọ̀n ọdún gbáko, kó tó tún un kọ pé iṣẹ́ bàbá lórí ọmọ ò kéré sí ti ìyá. Ọkọ ẹ ò sì tíì gbọ́ dòní!

Nílé, wọn kì í fi ọlọ́mọ tuntun sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹnìkan á wẹ ọmọ, ẹnìkan á pọ̀n ọ́n, ìwọ á rí oorun díẹ̀ sùn. Ní Manchester, ìwé ni wọ́n fi dípò gbogbo àwọn èèyàn yẹn, tí màmá bá wá lọ ńkọ́?

Lálẹ́ òní, fún ọmọ lọ́mú, gbé e fún bàbá ẹ̀, kí o wọ yàrá màmá, kí o ti ilẹ̀kùn. Tó bá ké láago méjì, òun ni kó dìde. Sọ fún màmá kó má gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ pé ọkùnrin ò mọ̀ ọ́n gbé, táá bá mọ̀ ọ́n, àfi kó gbé e. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí o sọ iye wákàtí tí o sùn fún mi.