Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Zanzibar là ń lọ, ṣé ká ra yẹ́lò káàdì ni?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Zanzibar, erékùṣù Tanzania yẹn, lóṣù tó ń bọ̀, ẹnìkan wá ní òun lè bá wa ṣe yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, láì gba abẹ́rẹ́ rárá. Ṣé kò burú? Ìyá Àdìrẹ.

ÌDÁHÙN: Ó burú o, Ìyá Àdìrẹ! Ibà pọ́njú tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gba abẹ́rẹ́ yẹn, ó ń pààyàn. Wọ́n máa bèèrè káàdì yẹn lọ́wọ́ yín torí Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó débẹ̀, torí náà ẹ má fi dọ̀la. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa gbà á, títí ayé ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lóyún, tàbí bàbá bá ti lé ní 60 ọdún, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Ibà tiwa yìí, ìyẹn malaria, ò pọ̀ níbẹ̀ tó tibí, ṣùgbọ́n ó wà o, ẹ ra ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, kẹ́ ẹ máa fi para lọ́sàn-án náà, torí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dengue kiri, ojúmọmọ ló ń jẹni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ òkun, ẹ wọ bàtà rọ́bà, nǹkan dúdú kan wà nísàlẹ̀ omi tí gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ ẹ̀gún bíi ti òòrẹ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ má kó ẹrù sínú ọ̀rá ọjà o, Tanzania ti fòfin dè é láti 2019.