Dáìsì yín kò jẹ̀bi, iye ọmọ ogun ni kí ẹ wò

Ẹni tó ń béèrè ìdí tí òun fi ń pàdánù nínú Risk, eré orí pátákó tí a ti ń fi ọmọ ogun àti dáìsì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ara ẹni, tó bá ti fi ọmọ ogun mẹ́ta kọlu mẹ́ta, dáìsì yín kò jẹ̀bi rárá. Nínú mẹ́ta yẹn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ilé, méjì ló lè jà, dáìsì méjì náà sì lẹ lè jù. Onílẹ̀, ìyẹn ẹni tí ẹ kọlù, ń ju méjì tirẹ̀. Nínú ayò, ọ̀mì kì í ṣe ti ẹnì kan. Níbí, onílẹ̀ ló ni ọ̀mì. Ká ní ẹ ju 6 àti 4, òun ju 6 àti 3. Ọmọ ogun yín kan kú lórí 6 sí 6, tirẹ̀ kan kú lórí 4 sí 3. Nínú ìgbà 100 tí ẹ bá ju méjì sí méjì, bí ìgbà 45 ni ẹ ó pàdánù méjèèjì, onílẹ̀ kò ní pàdánù méjèèjì ju ìgbà 23 lọ.

Ẹ fi dáìsì kẹta kún un, ọ̀rọ̀ yí padà: ìgbà 37 ni méjèèjì onílẹ̀ ń kú, ìgbà 29 ni ti yín, ìgbà 34 ni ọ̀kan-ọ̀kan ń lọ. Nítorí náà, ẹ má gbógun tí kò bá pé mẹ́rin. Tó bá ti ku mẹ́ta, ẹ dúró, àfi tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún onílẹ̀. Dáìsì méjì sí ọ̀kan ṣì ń borí nígbà 58 nínú 100.

Ìrìn jíjìn ló ń tú ọ̀pọ̀ lára. Ẹ wo Áfíríkà láti Brazil: North Africa (ibẹ̀ ni pátákó náà kó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí, ẹ má bínú), Egypt, East Africa, Congo, South Africa, Madagascar. Bí ọmọ ogun kan bá wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdajì ọmọ ogun ni ilẹ̀ kan ń jẹ yín ní ìpíndọ́gba, ẹ ó sì tún fi ọ̀kan ṣọ́ ọ. Ọ̀kan àbọ̀ lọ́nà mẹ́fà, mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹni tó bá gbéra pẹ̀lú mẹ́wàá á dé South Africa tán, kò ní ní dáìsì mẹ́ta mọ́. Mẹ́rìnlá ni kí ẹ ní kí ẹ tó ṣí ẹsẹ̀.

Ẹ wá wò ó láti ọ̀dọ̀ onílẹ̀. Bí ó bá fi méjì ṣọ́ ilẹ̀ dípò ọ̀kan, ohun tí ilẹ̀ náà ń jẹ ẹni tó kọlù ú kúrò ní ìdajì, ó di ọ̀kan àbọ̀. Ẹ̀kẹta kò fi tó ọ̀kan kún un. Nítorí náà, ní ẹnubodè, méjì-méjì káàkiri ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí kí ẹ tó kó òkìtì jọ síbì kan.