Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Gbígbọ́ Ìwé Àtijọ́ Lórí Fóònù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kubwa sí àárín ìlú Abuja ni mo ti ń gbọ́ ìwé. Mo wa Confessions, ìwé tí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, fi sọ ìtàn ayé rẹ̀, sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ láti LibriVox, ìkànnì ìwé àfetígbọ́, àmọ́ èdè rẹ̀ le, ohùn sì ń yí padà. Ṣé ìwé náà kò ṣeé gbọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ó ṣeé gbọ́, Mà. Ẹ̀dà tí ẹ mú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń kàwé fún LibriVox, ìwé tí ẹ̀tọ́ oníwèé ti kúrò lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n sì ń kà. Ìdí nìyẹn tí ìtumọ̀ ibẹ̀ fi sábà máa ń jẹ́ ti àtijọ́. Ìtumọ̀ ti Pusey, tó jáde ní 1838, kún fún "thee" àti "thou", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fún "ìwọ". Gbólóhùn rẹ̀ gùn débi pé bí bọ́ọ̀sì kan bá fun fèrè, ìdí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ wo orúkọ atúmọ̀ kí ẹ tó wà á. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "solo" sí, tí ẹnì kan ṣoṣo kà. Augustine ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ohùn bá ń yí padà nínú àdúrà ẹnì kan, ọkàn olùgbọ́ kì í balẹ̀. Àárín ìwé ni kí ẹ ti dán ohùn wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ẹni tó rọra bẹ̀rẹ̀ lè máa sáré nígbà tó bá yá.

Apá 13, tí wọ́n ń pè ní ìwé, ló wà nínú Confessions. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn ayé rẹ̀, wọ́n bá ọkọ̀ mu. Ìkẹwàá dá lórí ìrántí, ìkọkànlá dá lórí àkókò, méjì tó kù sì dá lórí Jẹ́nẹ́sísì: ẹ jókòó sílé gbọ́ ìwọ̀nyẹn. Ẹ má ṣe mú un yára.

Ní ti dátà, 64 kbps (ìwọ̀n dátà tí ohùn ń jẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu: wákàtí kan kò ju nǹkan bí 29 MB lọ, 128 kbps yóò jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ṣé a lè gbọ́ Utopia, ìwé nípa erékùṣù àfinúrò kan, nígbà àdúrà ilé? Ọmọ wa jẹ́ ọdún 13. — Bàbá Fúnmi, Kaduna

Lẹ́yìn àdúrà ló dára jù. Thomas More tó kọ ọ́ ní 1516 jẹ́ onígbàgbọ́ gidi: wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1535 torí pé kò gbà pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni olórí ìjọ, Kátólíìkì sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 1935. Síbẹ̀, ẹrú wà ní ìlú tó ṣàpèjúwe, wọ́n sì gba aláìsàn tí ìrora ti pọ̀ jù láyè láti yan ikú. Ẹ dá ọ́díò dúró níbẹ̀, kí ẹ bá ọmọ sọ ọ́.

Apá kejì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí olè tí wọ́n ń so kọ́ àti àgbẹ̀ tí wọ́n ń lé kúrò lórí ilẹ̀ nítorí àgùntàn ló wà ní apá kìíní, ibẹ̀ ló sì ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Apá kejì ló mú wa wọ erékùṣù náà: ìlú 54 tí àwòrán wọn jọra, ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ilé tí wọ́n ń ṣẹ́ gègé pààrọ̀ ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ Abuja, ìlú tí a yàwòrán rẹ̀ kí a tó kọ́ ọ, yóò ní ohun púpọ̀ láti sọ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ tó. Àwọn ará Utopia pàápàá ń ka ẹ̀kọ́ ìwà sókè ṣáájú oúnjẹ, wọ́n sì ń gé e kúrú kó má baà súni.

Bí ọmọ bá fẹ́ èyí tó rọrùn, ẹ fún un ní Looking Backward ti Bellamy, 1888. Ọkùnrin kan sùn ní Boston ní 1887, ó jí ní 2000, ó sì bá àwọn èèyàn tó ń jókòó sílé gbọ́ ìwàásù ọjọ́ Àìkú látinú tẹlifóònù!

Mo fẹ́ ka Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ (Pilgrim's Progress ní Yorùbá) sórí fóònù fún ìyá mi tí ojú ń dùn. — Ọmọ Ọ̀fà, Sabon Gari, Kano

Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Yàrá tó ní kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì kì í dún gbọ̀ọ̀gbọ̀. Ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n ìnà àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí "p" àti "b" má baà lù ú. Ìwé náà kún fún ìfèsì. Ẹ dárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà 01, 02. Bí ẹ bá kọ 1, 2, fóònù mìíràn yóò to 10 ṣáájú 2. Bunyan tó kọ ìwé náà àti Hinderer tó túmọ̀ rẹ̀ ti kú ju 70 ọdún tí òfin ẹ̀tọ́ oníwèé Nàìjíríà ti 2022 wí lọ, àmọ́ bí ẹ̀dà ọwọ́ yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fi í sórí WhatsApp ìjọ.