Kòkòrò inú ilẹ̀ kì í jẹ òjé, ṣùgbọ́n wọ́n lè dè é mọ́lẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ilẹ̀ Sùlèjá. Ẹ ní wọ́n ti tú bátìrì mọ́tò níbẹ̀ rí, ẹnì kan sì fẹ́ ta bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, inú ike fún yín, pé láàárín oṣù kan wọn á ti jẹ òjé (lẹ́ẹ̀dì, irin olóró inú bátìrì) ibẹ̀ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Òjé kì í jẹrà, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí tó lè jẹ ẹ́ tán.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo bá jà ní Gwagwalada. Bí a bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, èèpo bátìrì dúdú ni, ìyẹ̀fun eléérú á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí kòkòrò tó lè ran ibi tó burú tó yẹn lọ́wọ́. Ní Zamfara ní 2010, níbi tí òjé ti pa ọmọdé tó lé ní 400, ńṣe ni wọ́n ha iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò nínú agbo ilé, tí wọ́n sì kó iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ wá. Ẹ bu omi sí i kí ẹ tó kó o, kí eruku má fò. Ẹ bi iléeṣẹ́ àyíká ibi tí wọ́n á gbé e sí.

Ibi tí ìdọ̀tí ò pọ̀ sí ni iṣẹ́ kòkòrò wà. Ásíìdì bátìrì ń pa àwọn náà, nítorí náà eérú igi ni mo kọ́kọ́ dà sí i. Mo wá po ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa mọ́ egungun tí mo kó ní odò ẹran, tí mo sun, tí mo sì lọ̀ kúnná. Bakitéríà á tú fọ́sífeti inú egungun náà sílẹ̀, fọ́sífeti á dì mọ́ òjé, á le bí òkúta, gbòǹgbò ò sì ní lè fà á mu bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, mo fi koríko gbígbẹ bò ó, mo ń bomi rin ín, torí ilẹ̀ tó gbẹ táútáú ò lè gba àwọn kòkòrò náà.

Ekòló padà wá, inú mi dùn gan-an, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ní láàbù, àpapọ̀ òjé kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Èyí tí omi lè yọ́ ló wálẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ méjèèjì wò fún yín. Ẹ má tíì gbin ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀dùnkún síbẹ̀ o. Bí àwọn ọmọ bá sì ti ń ṣeré níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó wọn lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ tó náwó lé ilẹ̀ náà.